Ètò Ìlú Tuntun Dé: Ti Àtijọ́ Ńkọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tí yóò wá gbé òun nílẹ̀. Àgbà ń wo òkúta tó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún kọsẹ̀ níbẹ̀ lọ́la. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí bí ìlú Èkó ṣe ń tún ètò ìdàgbàsókè rẹ̀ ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá tó jókòó sínú ọ́fíìsì tútù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ bá mi lọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé tí ẹ ń sùn sí ni.

Festac ni mo gbé dàgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ní ilé níbẹ̀, ọmọ ọdún méje sì ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1986. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé èèyàn kò lè sọnù níbẹ̀. Àwọn tó ya àwòrán ìlú náà ti fi nọ́ńbà sí gbogbo ọ̀nà. Títì ńlá ni wọ́n ń pè ní Avenue, wọ́n sì kà á dé méje. Ọ̀nà tó bá ya lára 2nd Avenue, 2 ni nọ́ńbà rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀: 21 Road, 22 Road, 23 Road. Èyí tó bá ya lára 4th Avenue, 4 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ojúlé inú rẹ̀ a wá wà ní Close, A Close, B Close, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá ti mọ ABD àti òǹkà, ó ti mọ ọ̀nà ilé nìyẹn.

Ní ẹ̀yìn Close tiwa, pápá kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ nǹkan kan sí. Ibẹ̀ la ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí òjò bá rọ̀, omi gbogbo adúgbò a ṣàn lọ síbẹ̀, ilẹ̀ a fà á mu. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, a tún padà sídìí bọ́ọ̀lù wa. Àwa ọmọdé rò pé ìjọba gbàgbé ilẹ̀ náà ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé wọn kò gbàgbé nǹkan kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ó wà nínú àwòrán ìlú pé kí ó ṣófo.

Ẹ wá wò ó lónìí. Ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀, ilé ìtura wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń ta omi inú ọ̀rá níbẹ̀. Òjò kò mọ̀ pé wọ́n ti ta pápá. Ó ṣì ń rọ̀ bí ó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀. Pálọ̀ wa ni omi ń wá báyìí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí bá ẹnikẹ́ni wí, ó yẹ kí n yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbé Festac kò mọ̀ pé orúkọ àríyá ni orúkọ ìlú wọn. Àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé ni FESTAC. Dakar ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1966. Èkó ló gba àlejò ẹlẹ́ẹ̀kejì, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì, 1977. Àlejò tó tó 17,000 ni wọ́n ń retí, wọ́n sì ní láti rí ibi sùn. Ìjọba ológun ìgbà náà lè kọ́ àgọ́ pákó fún wọn kí wọ́n sì tú u palẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé gidi tó lé ní 5,000 ni wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ àbàtà tó jẹ́ ti àwọn Àwórì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n fi ìbò pín in fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Títì rẹ̀ fẹ̀, gọ́tà rẹ̀ jìn, ẹ̀gbin ilé sì ń gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ẹni tó ya àwòrán yẹn ronú ju àríyá oṣù kan lọ. Èmi kò rí i bá wí.

Ohun tí mo rí bá wí ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán náà tán, kò sí ẹni tó ń padà bẹ̀ ẹ́ wò. Ètò ìlú kò yàtọ̀ sí aṣọ ọmọ. Èyí tí a dá fún ọmọ ọdún mẹ́ta, bó ti wù kó dára tó, kò lè bá a mu nígbà tó bá di ọmọ ogún ọdún. Ìyá tó gbọ́n a máa tú etí aṣọ náà, a máa fi kún un. Bí ìyá kò bá ṣe é, ọmọ náà yóò fa aṣọ ya fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Festac nìyẹn. Ìdílé ń bí sí i, wọ́n sì nílò yàrá. Wọ́n kọ́ ọ mọ́ ara ilé. Òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì nílò owó. Ó fi iwájú ilé ṣe ṣọ́ọ̀bù. Mótò pọ̀ ju ibi tí a lè gbé e sí lọ. Tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá tò dé ẹnu ọ̀nà wa. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó jẹ́ ìyanu. Ẹni tó bá ń bẹ ìlú wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún yóò ti rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

Ta ló wá yẹ kó bẹ̀ ẹ́ wò? Níbí ni wàhálà wà. Federal Housing Authority, tí gbogbo wa mọ̀ sí FHA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ló ń ṣe alábòójútó Festac lórúkọ ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, 1991, olú-ìlú kó lọ sí Abuja. Onílé kó lọ, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ dání. Nígbà tó di 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, ó ní iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú, pé ìjọba àpapọ̀ kò ní àṣẹ rẹ̀ ju ti Abuja lọ. Síbẹ̀ FHA kò yé pín ilẹ̀ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin náà wà ńlẹ̀ tó ń gba owó ìdí iṣẹ́. Festac wá dà bí ọmọ tó ní bàbá mẹ́ta. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wọ agbádá wá. Ní ọjọ́ owó ilé-ìwé, oníkálukú á máa nàka sí ẹnì kejì.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Mo fẹ́ kí wọ́n fi àwòrán adúgbò wa hàn mí, kí n lè mọ̀ bóyá pápá wa ṣì jẹ́ pápá nínú ìwé. Ọmọkùnrin kan ló dá mi lóhùn, ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

“Ẹ̀gbọ́n, àwòrán wo lẹ ń wí? Ti àtijọ́ ni, àbí ti tuntun?”

Mo ní, “Kí ni ìyàtọ̀ wọn?”

“Ti àtijọ́ wà nínú fáìlì. Fáìlì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá sì ti rìtáyà.”

“Ti tuntun ńkọ́?”

“Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, sà.”

Mo wá ní, “Èwo wá ni àwọn tó ń kọ́lé lónìí ń tẹ̀ lé nínú méjèèjì?”

Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ṣé kí n fún yín lómi?”

N kò bínú sí i. Èmi tí ìwé mi kò kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, mo rí ẹ̀kọ́ kọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ti àtijọ́ ti kú, ti tuntun kò tíì bí. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń da sìmẹ́ńtì.

Kì í sì ṣe Festac nìkan. Ẹ jẹ́ ká wo gbogbo Èkó. Lábẹ́ Alhaji Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ìpínlẹ̀ wa ní ìwé ètò ńlá kan fún ogún ọdún, láti 1980 sí 2000, tí ilé iṣẹ́ Wilbur Smith ará Amẹ́ríkà bá wọn ṣe. Èrò rere wà nínú rẹ̀: kí a dá àárín ìlú kéékèèké sílẹ̀ káàkiri, kí ọjà, iṣẹ́ àti ilé súnmọ́ ara wọn, kí gbogbo ayé má baà máa rọ́ lọ sí Erékùṣù Èkó ní òwúrọ̀. Jakande fúnra rẹ̀ kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri, títí kan èyí tó wà ní Mile 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó fẹ́ gbé rélùwéè ìgboro kalẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọdún 2000 dé, àsìkò ìwé náà sì parí. Lẹ́yìn náà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ètò lápá lápá: Ìkẹjà ní tirẹ̀, Ìkòyí àti Victoria Island ní tiwọn, Lẹ́kì, Àpápá, Alímọ̀ṣọ́ àti Badagry náà ní tiwọn.

Ìwé mìíràn tún jáde tí ọdún rẹ̀ jẹ́ 2012 sí 2025. Kò tíì pé ọdún tí wọ́n dá fún un tí òmíràn fi dé, èyí tí wọ́n ṣe fún ọgbọ̀n ọdún, 2022 sí 2052. Ẹ kíyè sí i pé irú ìwé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan ń sọ irú ìlú tí a fẹ́ dà: ọrọ̀ ajé, ẹ̀kọ́, ìlera, ìṣèjọba. Èkejì ń sọ ohun tí yóò wà lórí ilẹ̀: ibí ni ọjà, ibí ni ilé, ibí ni omi yóò gbà. Èyí àkọ́kọ́ dùn ún kà. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń jẹ́ kí èèyàn sùn gbẹ.

Èmi kò sọ pé ó burú láti yí ètò padà. Ètò tí a kò yí padà rí, òkú ètò ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ṣíṣe ìwé tuntun yàtọ̀ sí ṣíṣe ìṣirò ìwé àtijọ́. Kí la sọ pé a ó ṣe? Èwo la ṣe? Èwo ni a kò ṣe, kí ló sì dí wa lọ́wọ́? Ṣé owó ni, àbí ẹnìkan ló ta ilẹ̀ rẹ̀? Bóyá àwọn ọ̀gá ń bá ara wọn ṣe irú ìṣirò yìí níbi tí wọ́n wà. Kò dé 21 Road. Kò dé ọjà Agboju. Àwa tí wọ́n ń ṣètò fún, ọjọ́ ìwúre ètò tuntun nìkan la máa ń rí. Ọmọdé ṣubú, ó ń wo iwájú.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ omi inú pálọ̀ nìkan ni, mi ò bá má yọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 15 oṣù kẹta, 2020, ìbúgbàù kan ṣẹlẹ̀ ní Sóbà, ní Abúlé-Adó, ẹ̀yìn Festac níbẹ̀. Ó lé ní ogún èèyàn tó bá a lọ. Ilé wó lulẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Bethlehem wó, Sister Henrietta Alokha tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ sì kú níbi tó ti ń sá kó àwọn ọmọ jáde. NNPC ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ló lọ kọ lu àwọn sìlíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí ibi tí páìpù epo gbà kọjá. Àwọn mìíràn sọ tiwọn. Ohun yòówù kó fà á, ẹ bá mi wò ó: páìpù epo, ilé gáàsì, ilé-ìwé àti ilé tí èèyàn ń gbé, gbogbo wọn sún mọ́ra bí ìyá àti ọmọ. Wọn kò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọdọọdún ni wọ́n ń sún, títí ẹsẹ̀ fi kan ẹsẹ̀. Ká ní ẹnìkan ń mú àwòrán ìlú dání lọ wo ilẹ̀ ní ọdún mélòó kan sí ara wọn, yóò ti kígbe kí ó tó di pé iná ló kígbe.

Ní 2023, ìwé ìròyìn gbé e jáde pé FHA ti sàmì sí ilé 677 ní Festac láti wó, pé àwọn kan nínú wọn kò tọ́ lọ́nà òfin, pé àwọn mìíràn ti fẹ́ dà wó. Ẹ̀yin náà mọ àmì yẹn, pẹ́ńtì pupa lára ògiri. Ìdílé wo ló lè sùn lẹ́yìn rẹ̀? Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí ìdáhùn rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ilé kì í hù lóru bí olú. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn ọlọ́fíìsì ń kọjá. Nígbà tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń kọjá. Nígbà tí wọ́n kan páànù, wọ́n wá jẹ ìwọ̀sílé. Kí ló dé tí ògiri nìkan ni wọ́n ń kun ní pupa?” Ilé tó lè wó pa èèyàn, ó yẹ kí ó wó, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá fi ogójì ọdún sùn, tó wá fi katapílà jí, ẹni tó rà á ní ọwọ́ kejì, ọwọ́ kẹta, tó ní ìwé lọ́wọ́, òun nìkan ni yóò san gbèsè gbogbo wa.

Kí n má purọ́ mọ́ ìjọba, ètò máa ń ṣẹ nígbà mìíràn. Rélùwéè tí wọ́n fagi lé ní 1985, a padà rí irú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Blue Line ní 2010. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ láti Mile 2 dé Marina. Mo ti wọ̀ ọ́, ó dùn mọ́ mi, mo sì ń retí kí èyí tó kù gba iwájú Festac lọ sí Okokomaiko. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlá gbáko ni a fi wà nínú eruku títì Badagry. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan kó lọ, àwọn kan jẹ gbèsè, àwọn kan sì ra ilẹ̀ lọ́wọ́n nítorí wọ́n gbọ́ pé rélùwéè ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ká ní lọ́dọọdún ni ẹnìkan ń jáde sọ fún wa pé, “Ibí la dé, ohun tó dá wa dúró nìyí,” ọ̀pọ̀ kì bá ti ṣìnà.

Ẹnìkan lè ní àlá ni mò ń lá. London ń ṣe é. Wọ́n ṣe ìwé ètò ìlú wọn ní 2004, wọ́n tún un ṣe ní 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2021. Kí tuntun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á gbé e síwájú àwọn tí yóò tú u wò ní gbangba, ará ìlú á sọ tẹnu wọn. Wọ́n sì máa ń gbé ìròyìn jáde lórí èyí tó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ. Ẹ ó ní Èkó kì í ṣe London. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká fi London sílẹ̀, ká lọ sí ọjà Agboju. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń dá èsúsú. Bí ọwọ́ bá yí ká, ṣé ìyá olórí èsúsú lè sọ pé kí wọ́n mú owó tuntun wá láìṣírò ti àtijọ́ fún wọn? Gèlè rẹ̀ kò ní kù lórí rẹ̀! Ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ alájàpá tó ń ta ẹ̀fọ́, kò yẹ kó wọ́n ìjọba.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ètò tuntun èyíkéyìí jẹ́ ìṣirò ti àtijọ́, ní èdè tí ìyá mi lè gbọ́. Kí wọ́n lẹ àwòrán adúgbò kọ̀ọ̀kan síta, ní kánsù, ní ọjà, ní ẹnu geeti Festac, kí olúkúlùkù rí ibi tí gọ́tà, pápá àti páìpù wà, kí wọ́n sì ri òpó mọ́ ibẹ̀ lórí ilẹ̀. Kí àwọn bàbá mẹ́ta jókòó sí tábìlì kan, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo. Títí wọn yóò fi ṣe é, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi pẹ́ńtì pupa sàmì, kí wọ́n kọ́kọ́ fi sàmì sí fáìlì ẹni tó fọwọ́ sí i.

Mo lọ sí ìpàdé kan rí tí wọ́n pe ará ìlú sí lórí ètò irú èyí. Òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá kan nàwọ́, ó béèrè ọ̀rọ̀ gọ́tà àdúgbò rẹ̀. Wọ́n ní kí ó fọkàn balẹ̀, ó wà nínú ètò. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, a gba ráìsì wa, a lọ sílé. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní, nítorí mo mọ̀ pé gọ́tà kan náà ti wà nínú ètò láti 1977.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá pè yín sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹ lọ o. Ẹ jẹ ráìsì yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún ti tuntun, kí ẹnìkan nínú yín dìde, kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: ti àtijọ́ ńkọ́?